Ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi le níbì kan, ó dẹ̀ níbòmíràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe. Kẹ̀kẹ́ tòkúńbọ̀ oníjíà kan ṣoṣo ni mò ń gùn ní Ìbàdàn, irú èyí tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn la máa ń fà sẹ́yìn kí ṣéènì tó le.

Tí mo bá fà á tán, tí mo wá ń yí pẹ́dà díẹ̀díẹ̀, ṣéènì á le níbì kan débi pé táyà ò ní fẹ́ yí, á sì tún dẹ̀ níbòmíràn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó máa mì sókè-sódò bíi sẹ̀ǹtímítà kan láàárín. Ibo ni kí n ti wọ̀n ọ́n, ibi tó le ni àbí ibi tó dẹ̀? Àbí irin eléyín iwájú ló wọ́? Wọ́n ní èèyàn lè tú bóòtù rẹ̀ kó sún un sáàárín, ṣùgbọ́n tèmi ò ní bóòtù, wọ́n jó o mọ́ apá pẹ́dà ni.

Rípíà àdúgbò wa ní kí n yọ ojú ṣéènì kan ṣoṣo. Mi ò gbà, torí ojú tó fẹ̀ àti èyí tó tín-ín-rín ló ń tẹ̀lé ara wọn. Méjì-méjì la ń yọ ọ́.

Ohun tó tún burú jù: tí mo bá ń gun Òkè Mápó, ọ̀pá àárín táyà máa ń yọ̀ síwájú lápá ọ̀tún, táyà á wá máa ha férémù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irin kékeré tó ń dì í mú wà ní Agodi Géètì?