Gúláàṣì inú slow cooker: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ìyá Ìbejì, Manchester:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí àwọn ẹlòmíràn níbí, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ gúláàṣì ni, ọbẹ̀ ẹran màlúù àwọn ará Húngárì.

Ọdún 6 ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Debrecen, ìlú kan ní Húngárì. Ìyá àgbà kan ló ni ilé tí mo gbé, Màmá ni mo ń pè é títí dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí n tó jí dáadáa ni òórùn alùbọ́sà tí Màmá ń dín á ti gun òkè wá bá mi ní yàrá. N kò tíì gbọ́ èdè wọn nígbà náà, ìdí ìkòkò ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ara wa yé.

Nígbà tí mo wá dé Manchester, iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè dúró ti ọbẹ̀. Mo ra slow cooker, ìkòkò oníná mànàmáná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, mo ní ọbẹ̀ Màmá ni màá kọ́kọ́ fi se. Mo kó ẹran, alùbọ́sà tútù, ọ̀dùnkún àti paprika (ata pupa lílọ̀ tiwọn) sí i, mo bu omi lé e títí ó fi bo gbogbo wọn, mo dé e, ó di ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ẹran ti rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ṣàn, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tí wọ́n fi ṣan ọlọ ata. Alùbọ́sà funfun ń léfòó lórí rẹ̀. Ọkọ mi jẹ ẹ́ tán nítorí mi, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo pe Màmá lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo dín alùbọ́sà. Mo ní rárá. Ó ní a jẹ́ pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Slow cooker kì í dín nǹkan. Ohun tó yẹ kí ojú iná ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe é tán kí ẹ tó de ọmọrí. Mo ṣì ń rí ọwọ́ Màmá lójú mi: á din alùbọ́sà nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, iná kékeré, títí tí á fi rọ̀ tí á sì máa dán bíi wúrà. Lẹ́yìn náà á gbé páànù kúrò lórí iná pátápátá. Á bu paprika sí i, á rò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rá náà á sì pupa lójijì bí epo tuntun. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ta omi díẹ̀ sí i. Ṣúgà wà nínú paprika, tí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rá gbígbóná á jóná, tó bá sì ti jóná á korò, kò sí ohun tó lè tún un ṣe mọ́. Àwa tí à ń din ata kí á tó da omi ẹran sí i, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ èyí fún mi?

Ti omi náà tún wà níbẹ̀. Lórí sítóòfù, omi ọbẹ̀ máa ń gbẹ. Nínú slow cooker, ooru á kan ọmọrí, á di omi, á tún kán padà sínú ọbẹ̀. Ẹran àti alùbọ́sà pẹ̀lú á tún mú omi tiwọn wá. Ìdajì omi tí mo máa ń lò lórí sítóòfù ni mo ń lò báyìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Debrecen:

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣì wà ní Debrecen tí ẹ ti kúrò, inú mi dùn gan-an bí mo ṣe ka èyí.

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Kí ẹnikẹ́ni tó wọn omi, kó kọ́kọ́ mọ èyí tó fẹ́ sè nínú méjì. Lọ́dún tí mo dé, mo bèèrè fún gúláàṣì nílé oúnjẹ, ohun tí mo ní lọ́kàn ni ọbẹ̀ kíki tí mo ti máa ń rí nínú fọ́tò. Ọbẹ̀ olómi ni wọ́n gbé wá, ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì nínú rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì. Mo rò pé wọ́n ṣì í gbé ni. Ẹni tó gbé e wá fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé gulyás gan-an nìyẹn, pé èyí tó ki tí àwọn ará ìta ń pè ní gúláàṣì, pörkölt ni àwọn ń pè é.

Gulya ni agbo màlúù lédè wọn, gulyás sì ni ẹni tó ń dà wọ́n. Ọbẹ̀ àwọn darandaran ni, inú ìkòkò irin tí wọ́n ń pè ní bogrács ni wọ́n ti ń sè é, tí wọ́n á gbé kọ́ sókè iná igi. Pápá Hortobágy tí wọ́n ti ń da màlúù kò jìnnà síbí. Títí dòní, bí ojú ọjọ́ bá ti dára, àwọn èèyàn máa ń gbé bogrács jáde sẹ́yìnkùlé.

Nípa paprika, ẹ wo ara ike dáadáa. Édesnemes kì í ta, csípős ló ń ta. Ẹ má fi ata gígún wa rọ́pò rẹ̀ o, tàtàṣé tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ló sún mọ́ ọn jù. Ti Szeged àti ti Kalocsa ni òkìkí wọn kàn jù. Ara paprika Szeged yìí náà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Albert Szent-Györgyi ti rí fítámì C tó pọ̀ tó fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1937.

Bàbá Táyé, Houston:

Tèmi kò gùn. Ọ̀dùnkún mi le lẹ́yìn wákàtí 8, ẹran sì ti ń já fúnra rẹ̀. Òkè ẹran ni mo kó o sí, mo sì da tòmátì púpọ̀ lé e. Nísàlẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ gé e kéékèèké. Kíkan tí tòmátì kan sì tún máa ń dá a dúró kó má tètè rọ̀.

Àǹtí Ìlọrin, Leeds:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi yìí. Àwọn ará Húngárì ní gúláàṣì ẹlẹ́wà, babgulyás. Mo ra ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kídìnrín, mo rẹ ẹ́ díẹ̀, mo dà á sínú slow cooker pẹ̀lú ẹran ní iná kékeré. Kò tó wákàtí 3 lẹ́yìn tí a jẹun tán tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀lé e. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwẹ̀, mo gbé àbíkẹ́yìn mi lé itan, ara rẹ̀ tutù, mo ń ké pe Ọlọ́run.

Oró wà nínú ẹ̀wà yẹn. Iná slow cooker lè má gbóná tó láti pa á, kódà bí ẹ̀wà náà kò bá hó dáadáa, oró rẹ̀ lè le ju ti tútù lọ. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi tuntun sè é lórí sítóòfù kó hó gidi fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kí ó tó rí inú slow cooker. Èyí tó wà nínú agolo, wọ́n ti sè é jinná. Ara àwọn ọmọ yá lọ́jọ́ kejì, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín rí irú òru yẹn.

Ìyá Ìbejì, Manchester:

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ń wá ìwọ̀n: ẹran ẹsẹ̀ màlúù tó ní iṣan, kílò 1. Iṣan yẹn á yọ́, òun ló ń mú omi ọbẹ̀ ki, ẹran tí kò ní iṣan á kàn gbẹ ni. Alùbọ́sà ńlá 3, paprika ṣíbí ìjẹun 3, kömény (irúgbìn caraway) ṣíbí kékeré 1, áyù. Iná kékeré, wákàtí 8. Ẹ má ṣí i wò lọ́nà, ooru tó bá jáde kì í tètè padà.

Ní Sátidé tó kọjá, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo ṣí ọmọrí, ọ̀rá pupa ti tò lókè ọbẹ̀ bí mo ṣe máa ń rí i ní Debrecen. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá. Ó ní ó dára, pé kí n tún fi alùbọ́sà kan kún un lọ́jọ́ mìíràn.