Ẹ̀gbọ́n mi ní schizophrenia, mo wá ṣe tẹ́ẹ̀sì ìlẹ̀kẹ̀, ṣé èmi ló kàn?

Tèmídire
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyá kan bàbá kan, wọ́n ní schizophrenia ló ń ṣe é, àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí tàbí kó gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́, ó sì ti ń lo oògùn. Mo wá ń kà nípa ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo bá bá tẹ́ẹ̀sì kan pàdé, ìgò méjì ni, ọ̀kan 85 nínú 100 ìlẹ̀kẹ̀ inú ẹ̀ ló pupa tí ìyókù funfun, èkejì funfun ló fi 85 ní tiẹ̀, wọ́n á mú ìgò kan láì jẹ́ kó o mọ èwo ni, wọ́n á máa yọ ìlẹ̀kẹ̀ hàn ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ lo máa sọ ìgbà tó bá dá ẹ lójú pé ìgò báyìí ni. Pupa jáde, pupa tún jáde, mo ní ìgò pupa ni. Wọ́n ní mo yára jù, pé bí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àti pé ó máa ń wà lára àwọn ẹbí wọn náà. Látìgbà yẹn oorun ò kùn mí mọ́. Gbogbo ohun tí mo bá ti rò ni mò ń yẹ̀ wò bóyá ti ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ̀ lára mi. Ṣé èmi ló kàn ni?

Babs
Pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ká sòótọ́, inú ẹ̀jẹ̀ nirú ẹ̀ máa ń wà, kò sẹ́ni tó lè sá fún un. Tètè lọ rí dókítà kí wọ́n ti máa fún ẹ lóògùn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi
Babs ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ yìí gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn alárùn ọpọlọ ni mò ń ṣe. Òótọ́ ni pé ó ń rìn nínú ẹbí. Nínú 100 èèyàn, bí ẹnì kan ló máa ń ní schizophrenia láyé ẹ̀, tó bá jẹ́ pé ọmọ ìyá ẹni ló ní in, ó máa ń tó bíi 9. Ó fi dáadáa ju 1 lọ, mi ò ní fi pa mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó lé ní 90 tó kù ńkọ́? Kódà àwọn ìbejì tí jíìnì wọn bára mu délẹ̀, tí ọ̀kan bá ní in, ó lé ní ìdajì tí èkejì ò ní ní in. Kò sì sí dókítà tó mọṣẹ́ tó máa kọ oògùn yẹn fẹ́ni tí nǹkan kan ò ṣe torí pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń lò ó.

Ó wá ku ìlẹ̀kẹ̀. Lọ́dún 1988 ni àwọn olùwádìí mẹ́ta, Huq, Garety àti Hemsley, fi dán àwọn tó ní èrò tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn wò, bíi kéèyàn gbà pé gbogbo ayé ló ń ṣọ́ òun, wọ́n sì rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ làwọn yẹn ń wò kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn ìwádìí kan tún rí i lára mọ̀lẹ́bí wọn, àmọ́ kò pọ̀ tó ti aláìsàn fúnra ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n kọ fún ẹ. Ohun tí wọn ò kọ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn tára wọn yá gágá, tí kò sí aláìsàn kankan nílé wọn, ìlẹ̀kẹ̀ kejì làwọn náà ti ń dáhùn. Jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò ẹ̀. Nínú ìgò 85 sí 15, tí pupa bá jáde lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ó ti tó 97 nínú 100 pé ìgò pupa ni lóòótọ́. Kí ló kù tí wàá máa dúró dè? Ká ní 60 sí 40 ni wọ́n gbé fún ẹ ni, 69 péré ni pupa méjì máa fún ẹ, ibẹ̀ lèèyàn ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó rẹ̀, ẹni tó fẹ́ tètè parí, ẹni tí ò yé dáadáa, gbogbo wọn ló máa yára dáhùn. Àwọn olùwádìí ló ń lò ó láti fi wé ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń sọ pé lágbájá máa ṣàìsàn.

Àdùkẹ́ B
Àbúrò, ìyá mi ló ní in ní tèmi. Mo mọ bí ìyára yẹn ṣe máa ń ṣe mí. Mo lè wọ yàrá kí àwọn méjì tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́, ká tó ṣẹ́jú ọkàn mi ti ní èmi ni wọ́n ń sọ. Mo máa ń bi ara mi pé kí ló tún lè fà á, bóyá ọ̀rọ̀ wọn ti parí ni, bóyá ọ̀rọ̀ àṣírí tiwọn ni, tí mo bá sì bi wọ́n tí wọ́n ṣàlàyé, ó tán lọ́kàn mi nìyẹn. Ti màmá mi ò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó le, tẹ́ ẹ bá ṣàlàyé, àlàyé yẹn gan-an á tún di ẹ̀rí pé ẹ wà nínú àwọn tó ń dìtẹ̀ mọ́ wọn.

Wọ́n kọ́ màmá mi ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ èèyàn láti má yára gbà pé òun ti mọ ìdáhùn, àwọn olùwádìí méjì, Steffen Moritz àti Todd Woodward, ló ṣe é, láti Hamburg ní Jámánì ló ti wá, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á fi àwòrán tí wọ́n yà díẹ̀ hàn wọ́n, ìlà bíi mélòó kan, wọ́n á ní kí lèyí, wọ́n á tún fi ìlà kún un, wọ́n á tún fi kún un, ohun tó o fọwọ́ sọ̀yà pé ó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ á wá di nǹkan míì pátápátá. Mo jókòó tì wọ́n, ó ṣe èmi náà láǹfààní.

Tèmídire
Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀kan kù, àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fa igbó, èmi náà máa ń gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn kàn án?

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi
Ó kàn án gidi gan-an! Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó o bẹ̀rù, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Igbó, pàápàá èyí tó lágbára téèyàn ń fà lójoojúmọ́, ń fi kún ewu yìí, ìwọ tó sì ti wà nínú ẹbí ẹ tẹ́lẹ̀, jọ̀ọ́ fi sílẹ̀ pátápátá. Tó o bá wá ń gbọ́ ohùn tẹ́lòmíì ò gbọ́, tàbí ó dá ẹ lójú pé wọ́n ń lépa ẹ, tàbí o kàn ń ya ara ẹ sọ́tọ̀ tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ẹ ń bàjẹ́, má dúró wò ó, lọ rí dókítà, ìtọ́jú tó tètè bẹ̀rẹ̀ máa ń dáa ju èyí tó pẹ́ lọ. Ti oorun tí ò wá yìí náà, lọ sọ fún wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́, ṣé ó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé?