Fúláàtì ẹ̀yìn ìlú fún ìdílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́: kí ni kí á yẹ̀ wò kí á tó tọwọ́ bọ̀wé?

Bàbá Mẹ́ta:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. À ń wo fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan lókè kejì, ní àdúgbò kan lẹ́yìn ìlú. Ọmọ mẹ́ta ló máa gbé ibẹ̀, àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọdún méjì. Ejẹ́ǹtì ní àdúgbò náà dákẹ́ rọ́rọ́, pé ilé ìwé sì wà nítòsí. Wákàtí kan péré ló fún wa láti yẹ̀ ẹ́ wò ní Sátidé. Kí ni kí á gbájú mọ́, kí ló sì yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn?

Ìyá Ìbejì:
Pé ilé ìwé wà nítòsí kò ní kí wọ́n gba ọmọ yín síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba ló ní ààlà tí wọn kì í gba ọmọ kọjá, ààlà náà sì lè gba àárín títì kan: ilé ọwọ́ ọ̀tún wọlé, tọwọ́ òsì ò wọlé. Ẹ mú àdírẹ́sì náà gan-an, tòun ti nọ́ńbà ilé, kí ẹ fi bi ilé ìwé fúnra wọn, kí ẹ sì bèèrè bóyá àyè ṣì wà ní kíláàsì ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Àdúgbò wo ni kì í dákẹ́ ní Sátidé? Ẹ padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé géètì ilé ìwé, ìrìn ọmọ ni kẹ́ ẹ rìn. Ẹ wo ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti já, àti ibi tí wọ́n á ti máa sọdá. Ẹ tún yọjú ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́.

Ẹ mú rúlà dání. Àlàfo àárín irin bákónì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, torí ara ọmọ kékeré lè yọ́ gba ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ kí orí há. Irin tí wọ́n fi dábùú burú ju èyí tó nàró lọ. Àtẹ̀gùn ni lójú ọmọ. Kí fèrèsé ní ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ṣùgbọ́n tí àgbà lè tú kíákíá bí iná bá sọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kì í gba ọmọ dúró o.

Kí onílé sì dín híítà kù sí 49°C. Omi 60°C lè bó ọmọ lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Oníṣẹ́ Omi:
Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Bí híítà náà bá jẹ́ onítáǹkì, omi tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú rẹ̀ lè di ilé fún kòkòrò àrùn Legionella. Kí táǹkì wà ní 60°C, kí wọ́n sì de fáàfù tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù sí ẹ̀rọ balùwẹ̀. Ẹ̀rọ ló yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe táǹkì.

Bàbá Mẹ́ta, mítà omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ pa, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀, ẹ padà wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bó bá ti yí, omi ń jò, ẹ̀yin lẹ ó sì máa sanwó rẹ̀. Táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sábà máa ń fà á: ẹ kán aró oúnjẹ sínú rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá yọ nínú àwo kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì ti jẹ. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n kí onílé ṣe é kí ẹ tó kó wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo abẹ́ síǹkì àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àmì rúsúrúsú tó rí róbótó lára àjà, omi ló ń jò láti òkè. Èébu dúdú wínníwínní ní igun ògiri tó kọjú síta, èémí inú ilé ló ń di omi lára ògiri tútù torí atẹ́gùn ò rí ọ̀nà jáde. Ọ̀dà tuntun lójú kan ṣoṣo? Ẹ bèèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Amòfin Ayálégbé:
Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọnú ilé náà, kí ẹ sì tó rí ẹ̀rí pé ẹni tó ń gbowó ló ni ín tàbí pé onílé ló rán an.

Nínú ìwé: ta ló ń tún kí ni ṣe, láàárín ọjọ́ mélòó, oṣù mélòó lẹ ó fi sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó jáde, ìgbà wo ni owó ilé lè gòkè, ọjọ́ tí owó ìdógò yóò padà àti ohun tí wọ́n lè yọ nínú rẹ̀. “A máa kùn ún” tí kò sí nínú ìwé, ẹ kà á sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ibi ìgbọ́kọ̀sí náà, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ̀yin àti ìyàwó bá jọ fọwọ́ sí i, wọ́n sábà lè bi ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ní gbogbo owó ilé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan, inú ààrò àti nọ́ńbà gbogbo mítà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé a lè lu ògiri láti de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn kó má wó lu ọmọ?

Amòfin Ayálégbé:
Ẹ gba àṣẹ yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ó wà lákọsílẹ̀: ihò mélòó, yàrá wo, àti pé ẹ̀yin lẹ ó dí wọn nígbà tí ẹ bá ń lọ.