Rédíò tí kì í gbé orin: ta ló mọ Radio 4 dáadáa níbí?

Ìyá Ìbejì Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe, ìyá àgbà òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ni mò ń bá gbé, ojú mọ́mì ò ríran dáadáa mọ́, rédíò wá di ọ̀rẹ́ wọn. BBC Radio 4 àtàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yí i kúrò níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ máa ń pè é ní Home Service nígbà míì, mi ò mọ ohun tíyẹn jẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, rédíò yìí kì í gbé orin! Kò sí ìpolówó ọjà, kò sí "ẹ kí àwọn èèyàn yín nílé". Ọ̀rọ̀ ṣáá ni. Wọ́n á bá olóṣèlú jà láàárọ̀, ó dọ̀la ẹ̀ẹ́ gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí obìnrin ṣe ń dàgbà, lọ́jọ́ Fraidé wọ́n á máa bi àwọn tó mọ̀ nípa ọgbà bí wọ́n ṣe máa lé ìgbín kúrò nídìí ewébẹ̀ (mo ní ẹ kó wọn wá fún mi). Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbọ́ tí màlúù ń ké, obìnrin kan sì ń sunkún, mo sáré yọjú lójú wíńdò, àṣé eré ni! Tí eré yẹn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìka kan ni mọ́mì máa nà sókè, bí mo bá di ṣíbí ọbẹ̀ mú mo gbọ́dọ̀ dúró gbọin.

Àmọ́ èyí tó já mi láyà jù ni tòru. Lẹ́yìn aago méjìlá, tó bá kù díẹ̀ kó lu ọ̀kan, ẹnì kan á máa ka orúkọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń pọfọ̀: Viking, Forties, Cromarty, Dogger, German Bight... Mo ní Jésù o. Kí ni wọ́n ń kà?

Bàbá Peckham

Hahaha ìyá ìbejì, ẹ ò gbọ́ ọfọ̀ kankan, ojú ọjọ́ orí òkun ni. Shipping Forecast. Wọ́n pín òkun tó yí ilẹ̀ Bìrìtìkó ká sí agbègbè 31, Viking ló ń ṣáájú lápá àríwá, wọ́n á wá yí i ká bí ọwọ́ aago. Fún ìkọ̀ọ̀kan wọ́n á sọ bí atẹ́gùn ṣe le tó, bóyá òjò ń bọ̀, àti bí èèyàn ṣe lè ríran jìnnà tó lórí omi. Wọn kì í yí ètò ẹ̀ padà torí apẹja tó wà nínú ọkọ̀ tó ń mì gbọ̀ngbọ̀n gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó máa kan tiẹ̀. Oríkì òkun ni, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Orin díẹ̀ máa ń ṣáájú tòru yẹn, Sailing By lorúkọ ẹ̀, nítorí náà ẹ má parọ́ mọ́ wọn pé wọn ò gbé orin rárá.

Home Service lorúkọ tó ń jẹ́ kó tó di Radio 4 lọ́dún 1967, mọ́mì ò ṣìwí. Eré onímàlúù yẹn ni The Archers, ó ti wà láti 1951, abúlé tí wọ́n ń pè ní Ambridge, ẹ má wá a lórí máàpù torí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n dá a sílẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ lè máa gbọ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ oko nínú ìtàn, ìmọ̀ràn ti dínkù báyìí, ìjà ẹbí ló kù. Lẹ́yìn aago méje alẹ́ ni, wọ́n á tún un gbé lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ìyẹn lẹ gbọ́.

Ọmọ Ìbàdàn Onítakisí

Èmi Today, ètò ìròyìn àárọ̀ wọn, ni tèmi, láti aago mẹ́fà àárọ̀ nínú mọ́tò, mínísítà á dé á fẹ́ fi ẹnu dídùn yí wọn, wọ́n á ní "ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi", mo máa ń rẹ́rìn-ín débi pé pásẹ́ńjà á béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Àti pípì tí wọ́n fi ń sọ aago yẹn! Kúkúrú márùn-ún, ẹ̀kẹfà á gùn, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹfà yẹn gan-an ni aago lù. Láti 1924 ni. World Service, rédíò BBC fún ilẹ̀ òkèèrè, náà máa ń lò ó, òun ni bàbá mi fi ń to aago ọwọ́ wọn n'Ìbàdàn, wọ́n á ní kí gbogbo ilé dákẹ́, ìka kan náà yẹn 😂

Adúmáradán

Rédíò àwọn olówó ni jàre, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń fọ̀. Ó ń mú mi sùn. Ṣé ẹ máa sanwó láísẹ́ǹsì fúnyẹn?

Bàbá Peckham

Rédíò ò gba láísẹ́ǹsì láti 1971, TV ni. Ohùn kan náà kẹ̀? Wọlé Ṣóyínká ọmọ Abẹ́òkúta ló sọ Reith Lectures, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún wọn, lọ́dún 2004, Chimamanda wà lára àwọn tó sọ ti 2022. Ẹ lọ wá a gbọ́, kí ẹ tó sùn.

Ìyá Ìbejì Leeds

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo bi mọ́mì lálẹ́ àná. Wọ́n ní apẹja ni bàbá àwọn ní Grimsby, pé láti kékeré ni wọ́n ti ń dúró de Humber, agbègbè òkun ibẹ̀. Òótọ́ ni o, torí bí wọ́n bá ti ka Humber tán báyìí, wọ́n á ní kí n pa á, wọn kì í gbọ́ ìyókù. Èmi ò kàn tíì mọ ibi tí wọ́n ń pè ní North Utsire ni, mọ́mì náà ò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Peckham

Ẹ̀gbẹ́ Nọ́wè ni. Ẹ lọ sùn.