Ọ̀la ni Táíwò máa ṣe Caroline Chisholm, ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì (Sydney): Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìsinsìnyí ni Táíwò ń fún mi ní lẹ́tà iléèwé: kó wá múra bíi Caroline Chisholm, obìnrin ayé àtijọ́ tó ran àwọn tó ṣí wá sí Australia lọ́wọ́. Mo ti ra fìlà olókùn àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ oníke. Ẹṣin funfun tó máa ń gùn ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti ń yá a?

Bàbá Àdìó (Melbourne): Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kẹ̀? Ẹ dá a padà kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Chisholm kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n, àwọn tó ń ràn lọ́wọ́ náà kọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó wọkọ̀ òkun wá wáṣẹ́, tí wọ́n ń sùn síta, ló kó sílé ní Bent Street, ní Sydney, lọ́dún 1841. Gipps, gómìnà New South Wales nígbà náà, ò tiẹ̀ kọ́kọ́ gbà.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ (Perth): Àṣìṣe yẹn náà la ṣe lésìí. Odindi báńà la tún tẹ̀.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun (Sydney): Ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀ ṣá o. Nígbà tó padà sí London lọ́dún 1846, ó jà títí wọ́n fi kó ìyàwó àti ọmọ àwọn tó ti kúrò lẹ́wọ̀n wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Àdìó: Ìyẹn ló ní kẹ́ ẹ de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ìwé ni kó mú dání, ẹ̀dà mẹ́ta: ti ọ̀gá, ti ọmọ-ọ̀dọ̀, ti Chisholm. Bí ọ̀gá bá sẹ́ àdéhùn, ẹ̀dà kẹta á sọ̀rọ̀. Kó mú búrẹ́dì náà. Eku kún ilé yẹn: lálẹ́ àkọ́kọ́ ó gé búrẹ́dì fún wọn kí wọ́n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé májèlé kalẹ̀.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Ẹ má gbàgbé àjọ rẹ̀ ti 1849. Ìdílé tó fẹ́ ṣí wá á kó apá kan owó ọkọ̀ jọ, ẹgbẹ́ á yá wọn ní ìyókù láìgba èlé, wọ́n á san án láàárín ọdún méjì. Àjọ tí olórí ò kó sá lọ!

Bàbá Àdìó: Nígbà tó padà dé lọ́dún 1854, ọ̀dọ̀ tiwa ló wá. Ó kọ́ àgọ́ ìsinmi sójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ìrìn ọjọ́ kan sí ara wọn.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Òjò yín ló ṣe nílò àgọ́.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Ẹ dárúkọ búrẹ́dì, Àgége sọ sí mi lọ́kàn. Gbígbóná, tòun tẹ̀wà àgànyìn…

Ìyá Ìbejì: Mo ti dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà o. Ẹṣin yẹn ńkọ́?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Captain lorúkọ ẹ̀. Ẹ wọ aṣọ funfun fún Kẹ́hìndé.

Ìyá Ìbejì: Ó ti ní ẹ̀gbọ́n lòun, Táíwò ò gbọdọ̀ gun òun.