Ṣé òótọ́ ni pé iná tó gbóná gan-an máa ń pa májèlé inú èédú àti pàǹtí run?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Àdùkẹ́_Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ inú ẹgbẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan wà nítòsí abúlé wa tó ń fi èédú inú ilẹ̀ dáná, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí gígé mọ́ ọn. Níbi ìpàdé tí wọ́n bá àwọn àgbà ṣe, wọ́n ní ohun tí àwọn ń sun máa ń gbóná tó 1,450°C, pé kò sí májèlé tó lè la irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá. Ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí pé odò tí à ń mu kò jìnnà síbẹ̀. Kí ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Onímọ̀_Kẹ́mísírì

Ẹ kú àníyàn, ìyá wa. Àbọ̀ òtítọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Májèlé tó wà nínú òróró àlòkù tàbí nínú ọ̀dà máa ń fọ́ túútúú bó bá pẹ́ tó nínú irú iná bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé, mẹ́kúrì, kádímíọ̀mù àti ásẹ́nìkì jẹ́ èròjà ìpìlẹ̀ tí iná kankan kò lè túká. Ohun tí iná lè ṣe sí wọn kò ju pé kí ó ṣí wọn nípò lọ, kí wọ́n bọ́ sínú eérú, sínú sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, tàbí kí wọ́n bá èéfín jáde.

Mẹ́kúrì máa ń hó ní nǹkan bí 357°C, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń di afẹ́fẹ́. Òjé kì í tètè hó, àmọ́ bí ike PVC bá wà nínú pàǹtí, kilorín inú rẹ̀ á so mọ́ òjé, ohun tí àwọn méjèèjì bá sì dà yóò hó ní nǹkan bí 950°C. Nígbà tí èéfín bá ń tutù, irú àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ eruku, wọ́n sì máa ń pọ̀ jù lára eruku tó kéré jù lọ, èyí tí asẹ́ kì í rí mú dáadáa tó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Ẹ má fojú kéré ìwọ̀n wọn: bí mílígíráàmù 0.1 mẹ́kúrì péré bá wà nínú kílógíráàmù èédú kan, èyí tó wọ́pọ̀, kílógíráàmù 100 ni yóò wà nínú mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù.

Ìdáhùn: Ọmọ_Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni. Iná ilé idáná pàápàá tó láti ṣe jàǹbá bẹ́ẹ̀. Ní ẹkùn Guizhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, nígbà kan rí, àwọn ará oko ń fi èédú tó kún fún ásẹ́nìkì dáná nínú ilé tí kò ní ihò èéfín, wọ́n sì ń sá ata sókè iná náà kí ó lè gbẹ. Wọ́n rí èédú kan níbẹ̀ tí ásẹ́nìkì inú rẹ̀ tó mílígíráàmù 35,000 nínú kílógíráàmù kan. Ata tí kì í sábà ní ju mílígíráàmù 1 lọ wá di èyí tó ní 500. Ó kéré tán, àwọn ènìyàn 3,000 ni májèlé náà mú, ara wọn sì yọ egbò. Ó dùn mí pé inú oúnjẹ ojoojúmọ́ ni ó gbà wọlé sí wọn lára.

Àdùkẹ́_Ògùn

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kò wá sí ohun tó lè mú mẹ́kúrì náà kí ó tó jáde ni?

Ìdáhùn: Onímọ̀_Kẹ́mísírì

Ó wà. Wọ́n lè fẹ́ èédú lílọ̀ tí a ṣe ní àkànṣe sínú èéfín, kí mẹ́kúrì lè lẹ̀ mọ́ ọn kí asẹ́ sì gbá a mú. Àdéhùn Minamata, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí mẹ́kúrì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí, dárúkọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ dín mẹ́kúrì tí wọ́n ń tú sáfẹ́fẹ́ kù. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó bá ń jó pàǹtí kò gbọ́dọ̀ tú ju mílígíráàmù 0.05 mẹ́kúrì sínú mítà onígun mẹ́ta èéfín kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé mélòó ni tiwọn, ta ló ń wọ̀n ọ́n, kí ni wọ́n bá nínú pàǹtí náà kí wọ́n tó dà á sínú iná, àti ibo gan-an ni wọ́n ń da eruku tí asẹ́ bá mú sí. Bó bá jẹ́ etí odò ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.