Ọkọ mi ti ìrìnàjò dé, ilé ò rójú mọ́

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ìrìnàjò iṣẹ́ dé ni ìyà ti ń jẹ mí. Èmi ni mo tú àpótí ẹ̀, èmi ni mo fọ gbogbo aṣọ inú ẹ̀, kò dúpẹ́. Bó bá gbóòórùn oúnjẹ báyìí, èébì ni. Á sùn lọ́sàn-án fọnfọn; tó bá dòru, á máa rìn káàkiri pálọ̀, á máa bú mi. Lánàá ó fi orúkọ àbúrò ẹ̀ obìnrin pè mí, mo ní èmi kọ́ nìyẹn, ó tún pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ní mi ò mọ ọkọ tọ́jú. Àbí ó ti lóbìnrin níbi tó lọ ni? Ojú ẹ̀ tún wá pọ́n rúsúrúsú, ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì.

Ìyá Ìbejì: Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo inú fóònù ẹ̀.

Bàbá Àgbà: Ẹni tójú ọkọ ẹ̀ pọ́n lẹ ń sọ fóònù fún? Ibà pọ́njú ni. Ó mú ẹ̀gbọ́n mi náà, ó sinmi, ó lọ.

Nọ́ọ̀sì Wa: Ẹ dákun, ibo ló lọ? Ìgbà wo ló dé? Oògùn wo ló ń lò?

Olùbéèrè: Mi ò mọ ohun tí ibi tó lọ fi kan ọ̀rọ̀ yìí. Íńdíà ni. Ó ti lé lóṣù kan tó ti dé. A ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà, wọn ò rí nǹkan kan.

Bàbá Àgbà: Oṣù kan kẹ̀? Kì í ṣe ìrìnàjò ló fà á nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Wa: Ó lè jẹ́ òun, Bàbá. Mẹ́dọ̀wú, àrùn tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú (hepatitis), irú A máa ń lo ọjọ́ 15 sí 50 lára kó tó fara hàn, mẹ́dọ̀wú E lè lo ọ̀sẹ̀ 2 sí 10. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ kàn ni wọ́n ń bá wọlé. Ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ọjọ́ 3 sí 6 ni tirẹ̀, kò sì sí ní Íńdíà. Òótọ́ ni pé ara ọ̀pọ̀ tí mẹ́dọ̀wú mú máa ń yá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí oògùn tó ń lò.

Olùbéèrè: Paracetamol lásán ni. Gbogbo ara ló ń ro ó. Mo ń fún un ní méjì, bó bá tún kérora, méjì mìíràn. Páálí kan ti tán, a ti ra òmíràn. Ṣé ìyẹn náà tún di ẹ̀bi mi?

Nọ́ọ̀sì Wa: Ẹ dá a dúró báyìí! Hóró 8 ti 500 mg ni àgbàlagbà tára ẹ̀ dá kò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24, ti ẹni tẹ́dọ̀ ń dùn kò tó bẹ́ẹ̀. Oorun ọ̀sán yẹn, ìbínú òru, orúkọ tó ń ṣì pè: ẹ̀dọ̀ ò lè fọ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó ti ń dé ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ńlá, lálẹ́ yìí. Kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe ń dì. Ẹ mú páálí oògùn yẹn dání. Acetylcysteine, oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ àpọ̀jù paracetamol, wà fún irú ẹ̀, àmọ́ bó bá ṣe ń pẹ́ ni agbára ẹ̀ ń dín kù.

Ìyá Ìbejì: Síbẹ̀, ẹ wo fóònù.

Bàbá Àgbà: Ìyá Ìbejì!

Olùbéèrè: Ó ń sùn. Ìyá ẹ̀ ní a ò gbọdọ̀ jí i.

Nọ́ọ̀sì Wa: Ẹ jí i.

Olùbéèrè: Ó lajú, kò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń gbé mọ́tò bọ̀. Nọ́ọ̀sì, oyún oṣù méje wà nínú mi, ṣé ó kàn mí?

Nọ́ọ̀sì Wa: Ó kàn yín gidi. Bó bá jẹ́ E, ó burú fún aláboyún tó ti wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Bẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tiyín náà wò.